Ẹ má kánjú padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìsanrajù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń sọ ikùn di kékeré láti dín sísanra kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan péré níbi iṣẹ́. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjókòó lẹ ń ṣe, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló sábà máa ń gbà. Iṣẹ́ agbára lè tó ọ̀sẹ̀ 6, torí ẹrù wúwo lè ba ojú abẹ inú jẹ́, bí tìta tilẹ̀ ti jinná.

Àárẹ̀ ló máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù. Ojú ọgbẹ́ lè má dunni mọ́, àmọ́ oúnjẹ tó ń wọlé ò tíì tó nǹkan. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ara á ti rọ̀ jọwọrọ. Ẹ bẹ ọ̀gá yín kí ẹ fi ìdajì ọjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ìgò omi sórí tábìlì, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀. Ẹ má gbé e mu lẹ́ẹ̀kan, ikùn ò gbà á mọ́. Ẹ máa dìde rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sẹ́sẹ̀. Ẹ má sì wakọ̀ bí oògùn ìrora bá ṣì ń kùn yín lóorun.

Bí ibà bá dé, tí ọkàn ń sáré, tí inú ń dunni gan-an, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.