Bí mo ṣe dúró de omi kí n tó ra ẹja: táǹkì omi òkun mi n'Ílọrin

Ọjọ́ tí mo gbé gíláàsì yẹn wọ pálọ̀ wa ní Gáà-Àkáńbí, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi mí pé ẹja dà. Omi wà níbẹ̀, yanrìn wà, òkúta wà, pọ́ǹpù ń da omi rú, iná aláwọ̀ búlúù ń tàn lórí ẹ̀, àmọ́ ẹja kankan ò sí, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà fún oṣù méjì ó lé. Àbúrò mi Sàlíù ní owó ni mi ò ní. Owó wà, ẹja sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á l'Ékòó, omi yẹn ni kò tíì jinná.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé jíjinná yẹn torí òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Ohun tí ẹja bá jẹ, ìdọ̀tí ẹ̀ máa padà jáde lára ẹ̀, púpọ̀ nínú ìdọ̀tí yẹn ló máa jáde bí amóníà láti ibi tó fi ń mí, oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù tó jẹrà náà á di amóníà, amóníà yìí sì rèé, májèlé ni. Òkun fẹ̀ kọjá sísọ, kò lè mọ̀ ọ́n lára. Nínú gíláàsì lítà 150, omi tí ẹja ń yàgbẹ́ sí náà ló ń mí. Bakitéríà ló ń gbà á sílẹ̀: àwọn kan á jẹ amóníà, á di nítíráìtì, àwọn mìíràn á jẹ nítíráìtì, á di nítíréètì, nítíréètì yìí ò sì le bíi tàwọn tó ṣáájú, téèyàn bá ṣáà ti ń pààrọ̀ omi. Ara òkúta àti yanrìn ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í yára pọ̀ bí àwọn tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Èyí tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́ lè di ìlọ́po méjì kí ìdajì wákàtí tó pé, àwọn tèmi lè lo ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n tó di méjì. Ìdí tó fi ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 nìyẹn.

Màámi ló kọ́kọ́ yé nínú ilé. Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo ni wọ́n, irú ni wọ́n ń ṣe tà kí wọ́n tó bí mi. Mo ṣe gbogbo àlàyé, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ṣé bí irú ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, bí irú ni. Torí tí wọ́n bá ti se hóró irú yẹn, tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n tún un sè, inú igbá ni wọ́n á dà á sí, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á wá fi àpò lé e lórí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i títí ọjọ́ kejì sí ìkẹta tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí òórùn ẹ̀ á yí padà. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ibẹ̀, àmọ́ gbogbo ayé mọ̀ pé nǹkan ń ṣiṣẹ́. Látọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ti béèrè ẹja, màámi ló máa ń dá a lóhùn pé ó wà nínú igbá.

Omi gan-an ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Mo ti ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé tẹ́lẹ̀, omi kànga ni mo ń lò, kò sí wàhálà, àrọ̀ lágídí. Mo wá bu omi kànga yẹn, mo fi kíìtì, àwọn ìgò oògùn tí wọ́n ń kán sí omi láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi iyọ̀ sí i, nítíréètì ti wà ní mílígíráàmù 20 nínú lítà kan! Ṣaláńgá àwọn ará ilé ẹ̀yìn ò jìnnà sí wa, ilẹ̀ ló gbé e wá. Mo pa kànga tì, mo lọ bá àwọn tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ládùúgbò tí wọ́n ní ẹ̀rọ RO tó ń sẹ́ ohun tó yòrò sínú omi kúrò, wọ́n jẹ́ kí n fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi lọ́wọ́ wọn, mo yẹ ìyẹn náà wò, òdo ni.

Iyọ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Omi òkun ní kálísíọ̀mù, ó ní magnẹ́síọ̀mù, ó ní pọ̀tásíọ̀mù, iyọ̀ ọbẹ̀ ò ní wọn tó. Iyọ̀ òkun tí wọ́n pò fún táǹkì ẹja ni mo rà, wọ́n fi ránṣẹ́ láti Èkó, gíráàmù bíi 35 sí lítà kan, mo pò ó nínú dúrọ́ọ̀mù, mo fi pọ́ǹpù rò ó di ọjọ́ kejì, mo fi refractometer, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi, wò ó títí tó fi bọ́ sí 1.025, ìyẹn bí omi náà ṣe wúwo tó tá a bá fi wé omi lásán tó jẹ́ 1.

Mo da omi sí i, mo to òkúta gbígbẹ kílò 12, mo wá lọ ra edé tútù kan ṣoṣo níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja dídì, mo sọ ọ́ sínú táǹkì kó jẹrà. Edé yẹn ni oúnjẹ àwọn bakitéríà. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyàwó mi ní kí ni ń rùn nínú pálọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á, edé ti wú, funfun bíi òwú ti bò ó. Ẹni tó ń ta ẹja fún mi tiẹ̀ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n má da ara mi láàmú, kí n ra damsel, ẹja òkun kékeré kan, mẹ́ta sí i lọ́jọ́ kejì, pé ẹja yẹn le, ìtọ̀ wọn ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, èyí tó bá kú kí n yọ ọ́. Mi ò lè ṣe é. Ẹja tó ń mí májèlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí edé tí náírà díẹ̀ rà sì lè ṣe iṣẹ́ kan náà! Èyí tí ò bá sì kú nínú wọn, oníjà ni damsel, ó ti gba ilẹ̀, ẹja tó bá wọlé lẹ́yìn ẹ̀, a jẹ́ pé ó wọ ìjọ̀gbọ̀n nìyẹn.

Alaalẹ́ lẹ́yìn Ìṣá ni mo ń yẹ omi wò. Mo máa bu mílílítà 5 sínú túùbù, mo máa kán ti ìgò àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ti ìkejì lẹ́ẹ̀mẹjọ, mo máa mì í, mo máa dúró ìṣẹ́jú 5. Tó bá yẹ́lò, amóníà ò sí. Alẹ́ ọjọ́ kẹfà, àwọ̀ ewéko ló yọ, ó ti di 2, mo pariwo débi pé Sàlíù sáré wá, mo yọ edé yẹn sọnù. Ọjọ́ 11, túùbù nítíráìtì tó máa ń jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ di pọ́pù, ìyẹn ni pé àwọn bakitéríà àkọ́kọ́, àwọn tó ń jẹ amóníà, ti dé. Ọjọ́ 19, amóníà padà sí yẹ́lò. Láti ìgbà yẹn, nítíráìtì ò lọ mọ́, pọ́pù, pọ́pù, pọ́pù, lójoojúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Yanrìn wá di búráùn lójijì bí ẹni da kòkó sí i, mo rò pé mo ti bà á jẹ́, àmọ́ ewédò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní diatom ni, ọ̀pọ̀ táǹkì tuntun ló máa ń rí i, ó sì lọ fúnra ẹ̀.

Oòrùn oṣù kẹta n'Ílọrin, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Omi gun 31, bẹ́ẹ̀ 25 sí 26 ni mo ń fẹ́. Mo gbé fáànù kékeré kan kalẹ̀ kó máa fẹ́ sójú omi, ó fa nǹkan bíi ìwọ̀n 3 wálẹ̀, àmọ́ omi ń gbẹ kíákíá, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. Mo lọ sí Ọ̀fà fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí Sàlíù máa fi omi kún un, ọmọ yẹn ń fi omi oníyọ̀ kún un ní tiẹ̀. Omi ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ, omi lásán ni wọ́n fi ń dípò ẹ̀. Mo dé, 1.029. Mo ń bu díẹ̀ kúrò, mo ń fi omi lásán sí i, ọjọ́ méjì gbáko ló gbà kó tó balẹ̀. Ká ní ẹja ti wà níbẹ̀ ńkọ́? Tí NEPA bá sì mú iná lọ, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ni mo ń tàn, torí bakitéríà yẹn náà ń mí, omi gbígbóná oníyọ̀ kì í sì í gba afẹ́fẹ́ dúró púpọ̀.

Ọjọ́ 33, túùbù nítíráìtì padà sí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò gbà á gbọ́, mo kán amóníà sí i kó tó 2, mo sun ún di ọjọ́ kejì, amóníà àti nítíráìtì méjèèjì wà ní òdo. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ 35, òdo. Nítíréètì ti tó 40, mo pààrọ̀ ìdajì omi.

Ẹja wá kù. Mo fẹ́ràn blue tang, ẹja aláwọ̀ búlúù yẹn, ta ni ò fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ̀wọ̀n ni gíláàsì mi máa jẹ́ fún un. Ẹja tí wọ́n ń pè ní mandarin rẹwà ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ kòkòrò kéékèèké orí òkúta ló ń jẹ, òkúta tuntun ò ní wọn, ebi ló máa pa á. Clownfish méjì ni mo mú, àwọn tí wọ́n bí sínú táǹkì, kì í ṣe àwọn tí wọ́n kó nínú òkun, wọn kì í tóbi jù, wọ́n ti mọ oúnjẹ oníhóró jẹ, wọn ò sì nílò anemone, ẹ̀dá òkun tí wọ́n máa ń fi ṣe ilé, dandan. Mo ní kí ọ̀kan tóbi ju ìkejì lọ. Akọ ni gbogbo wọn ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀, èyí tó bá tóbi jù ló máa yí padà di abo, tí wọ́n bá dọ́gba wọ́n lè máa jà sí ipò yẹn.

Gáréèjì Ọ̀fà ni mo ti lọ gbà wọ́n lọ́wọ́ awakọ̀, nínú kúlà, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kán omi sínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn ìrìn àjò tó jìn, ewu wà níbẹ̀: èémí ẹja ti mú omi ọ̀rá kan díẹ̀, kíkan yẹn ni ò jẹ́ kí amóníà inú ẹ̀ lágbára, téèyàn bá ti tú u tí afẹ́fẹ́ wọlé, agbára ẹ̀ á padà dé. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á ṣáájú pé mélòó ni iyọ̀ omi ẹ̀, ó ní 1.021, mo ti po ti táǹkì kékeré tó wà ní yàrá ẹ̀yìn sí 1.021 dè wọ́n. Mo fi ọ̀rá lé orí omi fún ìṣẹ́jú 20, mo tú u, mo gbé ẹja nìkan wọlé, mo da omi ọ̀rá nù.

Ọjọ́ 30 ni wọ́n lò ní yàrá ẹ̀yìn, mo ń fi iyọ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé 1.025, mo ń wo ara wọn láràárọ̀ bóyá nǹkan funfun bí hóró iyọ̀ máa yọ, torí àrùn yẹn, tó bá fi lè wọ táǹkì ńlá, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jáde. Ní gbogbo ìgbà yẹn mo ń ju oúnjẹ díẹ̀ sí táǹkì ńlá kí ebi má pa bakitéríà. Kò sí hóró kankan lára wọn.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo kó wọn wọ pálọ̀. Èyí tó tóbi lọ tààrà sábẹ́ òkúta apá òsì, kékeré tẹ̀ lé e, ó ń gbọ̀n ara ẹ̀ pìtìpìtì síwájú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá nìyẹn. Màámi gbé àga wá síwájú gíláàsì. Wọ́n wò wọ́n títí, wọ́n ní kí n fún wọn lóúnjẹ, mo ju hóró mẹ́rin sí i, wọ́n jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo yẹ omi wò, mo dúró ìṣẹ́jú 5, yẹ́lò ni.