Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ọ̀gá Ibi Iṣẹ́ Bá Dojú Ìjà Kọ Òṣìṣẹ́ Rẹ̀

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀gá nìkan. Ó lè jẹ́ díákónì ní ìjọ tí òṣìṣẹ́ ń lọ, ó lè jẹ́ àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ni onílé tí ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú òṣìṣẹ́ gbolẹ̀, tí ó ń jágbe mọ́ ọn níwájú oníbàárà, tí ó sì ń gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ ìdí, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé kí a gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Rírán àgbà lọ bẹ ọ̀gá, kí òṣìṣẹ́ tó mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án pàápàá, ni mo kà sí èyí tí ó léwu jù lọ. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀bẹ̀ àgbà, ó ti parí ọ̀pọ̀ ìjà ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá ẹni bá jókòó sí pálọ̀ ọ̀gá, tí ó ṣí fìlà, tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi forí jì í, ìwà ọmọdé ló ń hù," ó ti gba ẹ̀bi fún ọmọ rẹ̀ láìmọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé iwájú àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́, ohun tí ọ̀gá yóò sọ ni pé, "Ṣebí bàbá rẹ̀ ti wá bẹ̀ mí nílé." Bí ó bá di dandan kí àgbà lọ, ẹ sọ fún un ṣáájú pé kì í ṣe àforíjì ni ó ń lọ tọrọ, bí kò ṣe pé kí ọ̀gá dá ọjọ́ tí ẹ ó jókòó sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì.

Ẹ má sì ṣe dá ọ̀gá lóhùn padà níwájú èrò, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wù kí ó dun yín tó. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ bá sì sọ níbẹ̀ ni gbogbo ènìyàn yóò máa rántí, wọn yóò gbàgbé ogún tí ọ̀gá ti sọ ṣáájú.

Kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń béèrè àlàyé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ni ó máa ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà jẹ. Àwọn kan a tì í sínú àpò, wọn a sì dákẹ́, bí ẹni pé yóò ti ibẹ̀ pòórá. Ìdákẹ́ yìí ni ilé-iṣẹ́ yóò pè ní àfojúdi. Àwọn mìíràn a fi ìbínú kọ ojú ìwé mẹ́ta, wọn a mú ọ̀rọ̀ ọdún tí ó kọjá wọ̀ ọ́, wọn a ní gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ọ̀gá kórìíra àwọn. Ẹ̀sùn tí ó wà nínú ìwé nìkan ni kí ẹ dáhùn, kí ẹ sì dáhùn kí àkókò tí wọ́n dá tó pé. Bí wọ́n bá ní ẹ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ìdáhùn tí ó tó ni: "Mo dé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọjọ́ Ajé, nítorí ọkọ̀ tí mo wọ̀ bàjẹ́ kí a tó dé Tákìé. Mo ti pe alábòójútó ní aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú láti sọ fún wọn." Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé tí ó gbà á buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kí ó sì kọ ọjọ́ àti aago sí i. Ẹ̀dà yìí kò gbọdọ̀ sùn ní ọ́fíìsì mọ́jú.

Ti gúrúùpù WhatsApp kò gba àlàyé púpọ̀: ohun tí ẹ bá sọ nípa ọ̀gá níbẹ̀ yóò dé etí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín ni kò yẹ kí ẹ pa rẹ́, bí ó ti wù kí ó bí yín nínú tó. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàyè ní ilé-ẹjọ́, bí ìwé-ẹ̀rí tí òfin bèèrè bá tẹ̀ lé e. Ní ti èyí tí ó fi ẹnu sọ, ẹ kọ ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ náà gan-an àti orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀ sínú ìwé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀gá tí ó ń wá ẹ̀sùn a máa gé owó oṣù nítorí ọjà tí ó sọnù tàbí nǹkan tí ó fọ́, òṣìṣẹ́ a sì buwọ́ lù ú kí àlàáfíà lè wà. Abala 5 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí Labour Act, kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti gé irú owó bẹ́ẹ̀, àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù náà tàbí tí ó fi àìbìkítà fà á, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí i nínú ìwé.

Bákan náà, ẹ má ṣe ju iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ẹ má sì ṣe buwọ́ lu lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí ọ̀gá ti tẹ̀ kalẹ̀ fún yín. Nótíìsì ọjọ́ 1 ni òfin kan náà bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 1 ni bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 ni láti ọdún 2 títí di kí ó tó pé ọdún 5, oṣù 1 sì ni láti ọdún 5 lọ sókè. Àwọn tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí dìídì wà fún. Ẹni tí ó wà ní ipò alákòóso tàbí onímọ̀ iṣẹ́ yóò wo ohun tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ.

Ó yẹ kí n fi èyí kún un: bí ọ̀gá bá na òṣìṣẹ́, tàbí tí ó ń fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè bá a sùn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kúẹ́rì mọ́. Ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, bí wọ́n bá sì ti ṣe yín léṣe, kí dókítà ṣe àyẹ̀wò yín, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá ti kọ̀wé sí ẹni tí ó ju ọ̀gá yín lọ, tí kò sì sí ìyípadà, ọ̀nà Ìbàdàn ni ó kù. Ọ́fíìsì Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, náà ń jókòó níbẹ̀. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kúẹ́rì, ìdáhùn yín àti ìwé owó oṣù. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ mú ojúlówó padà wálé.