Arisaka tó ń yọ yín lẹ́nu: ìdáhùn sí ìbéèrè tó ti sú mi

Arisaka ni ìbọn táwọn ọmọ ogun Jàpáàn gbé ja ogun Pàsífíìkì: Type 38 ti 1905 àti Type 99 ti 1939. Òun náà ni wọ́n gbé kojú àwọn bàbá wa ní Burma. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó o bọ̀ wálé, òun la ń rà níbí ní Amẹ́ríkà. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ha òdòdó orí ìbọn mi dànù. Ṣé ayédèrú ni?
Rárá. Òdòdó ẹléwé 16 yẹn, àmì ọba Jàpáàn ni. Wọ́n ha á lára ọ̀pọ̀ ìbọn nígbà tí wọ́n túúbá ní 1945.

Bolt (irin tí à ń fà sẹ́yìn láti ki ọta) kò ṣí, ìbọn kò sì yìn.
Ẹ ti tì í ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti orí róbótó ẹ̀yìn bolt síwájú, kẹ́ ẹ yí i sósì.

Ó ń ró wóyówóyó.
Ìdérí onírin tó bo bolt ni. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Type 38 mi ń ya kòròfo ọta.
Háà. Èyí fojú mi rí màbo fún oṣù mẹ́jọ. Ìbọn mi mọ́ tónítóní, bolt ń yọ̀ bí ilá. Mo yìn ín, kòròfo jáde ní wíwú, èjìká rẹ̀, ibi tó ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ọrùn, ti sún síwájú, ọrùn rẹ̀ sì ya. Mo ní ọta ni kò dáa. Mo ra òmíràn lówó gegere, ó tún ya. Mo fọ ihò rẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Mo bá ẹni tó tà á fún mi jà. A ò tíì kíra di bí mo ṣe ń wí yìí.

Bàbá àgbà kan tó ń ṣe alágbẹ̀dẹ ìbọn ló gbà mí. Kò sọ̀rọ̀. Ó yọ́ irin kan tí iná kékeré ń yọ́, ó dà á sí ibi tí ọta ń wọ̀, ó jẹ́ kó dì, ó fà á yọ, ó wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ti gùn ju ti Jàpáàn lọ! Lẹ́yìn ogun, ọta 6.5 × 50 tí Type 38 ń lò ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà, làwọn kan bá gbẹ́ ibẹ̀ jìn kó lè gba kòròfo .257 Roberts, ọta Amẹ́ríkà kan, tí wọ́n fẹ ọrùn rẹ̀. Wọn ò kọ nǹkan kan sára tèmi. Nítorí náà, bí ẹyọ kan bá ti wú, ẹ má yin èkejì. Ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ.

Inú ihò tèmi dán bọ̀rọ́, kò sí ìlà tó ń lọ́ nínú rẹ̀.
Ìbọn ìdánrawò ni, ọta gidi á fọ́ ọ mọ́ yín lójú. Ara ògiri ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́. Ẹni tó bá tún bi mí pé "tí mo bá wá fi okùn fà á láti òkèèrè ńkọ́?", mi ò ní dá a lóhùn.