Tí wọ́n bá gbé ẹṣin wá sí g5 fún ẹ ní tournament

Tó o bá ti jókòó ta chess pẹ̀lú àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì n'Íbàdàn wàá mọ̀ pé wọn ò ní sùúrù, múùfù kẹrin ni wọ́n á ti kọlù ẹ́. O di dúdú mú, funfun ló ń kọ́kọ́ ta (lẹ́tà kékeré àti nọ́ńbà ni orúkọ ojú kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù; N ni ẹṣin, B ni bíṣọ́ọ̀bù, Q ni kuìnì, x ni jíjẹ, èyí tí ò ní lẹ́tà ńlá, pọ́ọ̀nù ni), e4 e5, Nf3 Nc6, Bc4 Nf6, gbàà, Ng5! f7 ni wọ́n ń wá, bíṣọ́ọ̀bù ń wò ó láti c4, ẹṣin ń wò ó láti g5, ọba ẹ nìkan ló ń ṣọ́ ọ.

Má jáyà. Ti pọ́ọ̀nù lọ d5, funfun á fi pọ́ọ̀nù e4 jẹ ẹ́. Ibí gan-an ni wàhálà wà o, torí ọwọ́ á máa yún ẹ láti fi ẹṣin f6 jẹ pọ́ọ̀nù yẹn padà. Tó o bá jẹ ẹ́, Nxf7 ló kàn, ọba ẹ á jẹ ẹṣin, Qf3 ṣẹ́ẹ̀kì (ó kọjú ìjà sí ọba ẹ), ọba á gòkè lọ e6 kó lè ṣọ́ ẹṣin d5, Nc3, ọba ẹ wá dúró láàrin bọ́ọ̀dù bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ ní Ọjà'ba.

Ẹṣin c6 ni kó o mú, gbé e lọ a5, kó lé bíṣọ́ọ̀bù. Bb5 ṣẹ́ẹ̀kì, c6, dxc6, bxc6, bíṣọ́ọ̀bù á sá lọ e2, h6 lé ẹṣin, tó bá lọ f3, e4 tún lé e, tó bá bọ́ sí e5, Bd6. O ti fi pọ́ọ̀nù kan ṣòfò lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń sá kiri ni tìẹ ń jáde. Tarrasch, ọ̀gá chess ará Jámánì, ní ọ̀gbẹ̀rì ló ń ta Ng5, síbẹ̀ Fischer, ará Amẹ́ríkà tó padà di ọ̀gá chess lágbàáyé, ta á fún Bisguier, ọ̀gá chess ará Amẹ́ríkà bíi tiẹ̀, lọ́dún 1963, h3 ló sì gbé ẹṣin sá sí, torí náà tẹ́nìkan bá ṣe Nh3 fún ẹ, má fi rẹ́rìn-ín.

Ní tournament, èyí tó o bá fọwọ́ kàn lo máa ta, tọ́wọ́ ẹ bá lọ kan ẹṣin f6 ní múùfù karùn-ún, a5 ti bọ́ nìyẹn, nítorí náà fi ọwọ́ sórí itan kó o ronú tán. Ọwọ́ tó o fi ta náà ni kó o fi tẹ aago, ta kó o tó kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì pa fóònù, tó bá dún wọ́n lè gba géèmù lọ́wọ́ ẹ.

Kó tó dọjọ́ náà, jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ máa fi funfun gbé ẹṣin wá sí g5 bá ẹ títí a5 á fi mọ́ ẹ lọ́wọ́. Tó bá ṣe d3 dípò Bb5, h6 náà ni, tó bá padà sí f3, e4.