Bí Ẹ Ó Ṣe Lo Ọjọ́ Kan Ṣoṣo ní Erékùṣù Dòmíníkà Nígbà Tí Ọkọ̀ Òkun Bá Gúnlẹ̀

Dòmíníkà tí mò ń sọ níbí kì í ṣe Dominican Republic tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Erékùṣù kékeré ni, ó wà láàárín Guadeloupe àti Martinique nínú òkun Karíbíánì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣèjọba níbẹ̀, ọdún 1978 ni wọ́n sì gba òmìnira. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 750 níbùú lóòró lọ, ṣùgbọ́n òkè ayọnáyèéfín ló kún àárín rẹ̀, èyí tó ga jù lọ nínú wọn, Morne Diablotins, sì ga tó mítà 1,447. Ìdí nìyí tí ọ̀nà ibẹ̀ fi ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ibi tí ẹ wò lórí máàpù tí ẹ rò pé kò tó nǹkan fi lè gba odindi wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kì í sì í lò ju òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ lọ ní èbúté. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ yan àfonífojì kan, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo erékùṣù lọ́jọ́ kan, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni yóò ti rí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wádìí ni èbúté tí ọkọ̀ yín yóò gúnlẹ̀ sí, nítorí pé agbègbè méjì ni èbúté wà. Ọ̀kan wà ní Roseau tó jẹ́ olú-ìlú, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Èkejì wà ní Cabrits lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Portsmouth, ní àríwá. Ètò tó dára fún ọ̀kan kò bá èkejì mu rárá. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, kó tó san owó kankan, irú físà tí erékùṣù kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ yóò yà sí ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ aago náà tún ṣe pàtàkì. Dòmíníkà kì í yí aago rẹ̀ padà rárá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbéra láti Miami nígbà òtútù lè fi aago Miami sílẹ̀ bó ṣe wà, èyí tó fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti erékùṣù. Bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ pé kó wá gbé yín ní aago mẹ́sàn-án, ti ọkọ̀ ni ẹ ní lọ́kàn, ti erékùṣù ni òun gbọ́, yóò sì ti dúró dè yín fún wákàtí kan gbáko. Ẹ máa dárúkọ aago tí ẹ ń bá a sọ. Ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ ní Barbados, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti ìlú ọba wá ṣe máa ń ṣe, kò ní wàhálà yìí, nítorí aago kan náà ni Barbados àti Dòmíníkà ń lò.

Bí ẹ bá ra ìrìn ọjọ́ náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, owó rẹ̀ á gbówó lórí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá dí, ọkọ̀ á dúró dè yín tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà gbé yín bá a. Bí ẹ bá fúnra yín gba awakọ̀, ẹ ó rí ibi tí ẹ fẹ́ dáadáa, ẹ ó sì lè yẹra fún èrò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pẹ́, ọkọ̀ òkun kò ní dúró dè yín. Èmi fara mọ́ awakọ̀ ìlú fún ẹni tó bá lè pa àkókò mọ́. Ẹ wo nọ́ńbà mọ́tò: ọkọ̀ èrò tó níwèé àṣẹ máa ń ní lẹ́tà H níwájú nọ́ńbà rẹ̀. Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúnàádúrà tán: ṣé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni owó náà ni àbí gbogbo mọ́tò, ṣé dọ́là Amẹ́ríkà ni àbí dọ́là Ìlà-Oòrùn Karíbíánì, ìgbà wo ni ẹ ó sì padà? Dọ́là Amẹ́ríkà kan jẹ́ 2.70 dọ́là tiwọn, nítorí náà àṣìgbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, èyí tó lè wọ inú omi. Aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, táwẹ̀lì, oògùn ẹ̀fọn àti omi mímu tó. Ẹ má ṣe wọ aṣọ tó jọ ti ológun, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé, nítorí òfin ìlú náà kà á léèwọ̀.

Bí Roseau bá ni ọkọ̀ yín gúnlẹ̀ sí, àfonífojì Roseau ló yẹ kí ẹ yàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí èbúté; bí nǹkan kan bá fa yín sẹ́yìn, ẹ ti súnmọ́ ilé. Titou Gorge, nítòsí abúlé Laudat, ló yẹ kó ṣáájú, kí èrò tó dé. Àlàfo tóóró láàárín àpáta ni, tí omi kún inú rẹ̀. Lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Omi náà tutù débi pé èémí yóò kọ́kọ́ há yín lọ́nà ọ̀fun. Ògiri àpáta dúró lápá ọ̀tún àti òsì, ewéko bo òkè, ìmọ́lẹ̀ tó sì ń já wọlé kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá dé òpin, ẹ ó bá omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta pẹ̀lú ariwo ńlá. Lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, omi gbígbóná kan ń ṣàn lára àpáta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yára gbọ̀n òtútù nù. Ẹni tí kò mọ lúwẹ̀ẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ béèrè jákẹ́ẹ̀tì ààbò, kí ojú má sì tì í.

Lẹ́yìn náà ni Trafalgar. Láti ibi tí wọ́n ti ń ja tíkẹ́ẹ̀tì, ìrìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù dé ibi tí wọ́n kọ́ fún ìwòran, níbi tí ẹ ó ti rí omi méjì tó ń já láti orí òkè: wọ́n ń pe èyí tó ga ní Bàbá, wọ́n sì ń pe èkejì ní Ìyá. Ní apá ti Bàbá, omi gbígbóná láti inú ilẹ̀ ń dà pọ̀ mọ́ omi tútù, gẹ́gẹ́ bí ti Ìkògòsì Èkìtì, àpáta tí ó ń gbà kọjá sì ti pọ́n rúsúrúsú. Àwọn òkúta ńlá tó wà lọ́nà ibẹ̀ ń yọ̀ gan-an. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi ìwòran.

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí: bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdédé di pípọ́n, tàbí tí ó bá ń kún, tí ewé àti igi ń bá a bọ̀, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn níbi tí ẹ wà, àgbàrá rẹ̀ kì í sì í kìlọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí amọ̀nà bá ní kò ṣeé wọ̀ lónìí, ẹ má ṣe bá a jiyàn.

Omi gbígbóná Wotten Waven ló kẹ́yìn, nínú àfonífojì kan náà. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka fàdákà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, nítorí imí-ọjọ́ inú omi náà á sọ wọ́n di dúdú. Ní ti Boiling Lake, adágún tó ń hó yaya lórí òkè, ẹ fi í sílẹ̀: àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó wákàtí mẹ́fà nínú ẹrẹ̀ àti àpáta.

Bí ó bá jẹ́ Cabrits, ọkọ̀ ìtukọ̀ lórí Indian River ló dára jù. Wọn kì í lo ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á láàárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn tẹ́ bí pátákó, ìbátan gan-an sì ni àwọn igi náà jẹ́ fún igi osùn wa.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín wà ní Roseau, ẹ padà síbẹ̀ pẹ̀lú wákàtí méjì nílẹ̀. Ẹ ó rí kókò, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ nílé oúnjẹ èyíkéyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ohun tí wọ́n ń pè ní mountain chicken lọ̀ yín, kọ̀ǹkọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ni, kò sì yẹ ní jíjẹ. Nínú ọgbà igi ìlú náà, ẹ wo bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tí igi oṣè wó lù nígbà ìjì líle David ní ọdún 1979; kò sẹ́ni nínú rẹ̀, igi náà sì tún hù láti orí rẹ̀. Ọjà Àtijọ́ etíkun, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ẹrú nígbà kan rí, yẹ ní ìdúró díẹ̀.

Àkókò tí wọ́n kọ pé kí gbogbo èrò ti wọlé sábà máa ń ṣáájú ìgbéra ọkọ̀ pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté sílẹ̀ sórí ìwé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé gbogbo orí òkè. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ó pẹ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni mìíràn.