Ike Tó Gba Tòmátò, Ike Tó Gba Ata: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Gbin Nǹkan Sínú Ilé ní Òṣogbo

Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù láàárín ilé ní Òṣogbo kò tó nǹkan mọ́. Láti Òkè-Baálẹ̀ dé Alékúwodò, kọnkéré ti gba ọ̀pọ̀ àgbàlá, ibi tí kò bá sì sí kọnkéré, ewúrẹ́ àti adìyẹ kì í jẹ́ kí ewé gbádùn. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń gbin ata, tòmátò àti ẹ̀fọ́ sínú ike lẹ́yìn yàrá tàbí ní fàráńdà. Àwọn la kọ ìwé yìí fún, àti àgbẹ̀ tó bá fẹ́ tọ́jú èèhù sílé kó tó kó o lọ sóko. Ohun tá a fẹ́ kí ẹ mú ṣáájú ni bí ike ṣe tóbi tó. Ẹ rò ó kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn, kẹ́ ẹ sì rò ó kẹ́ ẹ tó ra ajílẹ̀.

Kí ló dé tí ike kékeré fi ń pa irè lára?

Lóko, bí omi bá tán nítòsí, gbòǹgbò á wá a lọ sísàlẹ̀. Nínú ike, kò síbi tó máa lọ. Tó bá ti kan ara ike, yíyí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Ẹ fa ata rodo kan tó ti pẹ́ nínú ike kékeré yọ, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀: gbòǹgbò funfun á ti lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tó dijú, erùpẹ̀ tó kù láàárín wọn ò ní ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Irú ata bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá bomi rin ín láàárọ̀, ewé rẹ̀ á ti rọ kó tó di ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní oòrùn ló mú un, wọ́n á tún da ajílẹ̀ sí i. Àyè ló ń wá, ajílẹ̀ tó pọ̀ á kàn jó gbòǹgbò rẹ̀ ni.

Ti tòmátò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí erùpẹ̀ bá ń gbẹ táútáú lónìí, tó tún rin gbingbin lọ́la, ìdí èso á dúdú, á sì tẹ̀ wọnú. Kì í ṣe kòkòrò ló fà á, oògùn kankan ò sì ní wò ó. Omi ló ń gbé kálísíọ́mù, èròjà inú erùpẹ̀ tó ń mú ara èso le, lọ sínú èso, tí omi ò bá sì lọ déédéé, kálísíọ́mù ò ní dé ìdí èso bó ṣe yẹ. Ike ńlá tó lè mú omi dúró láti àárọ̀ dé àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìdènà tó dára jù.

Ìwọ̀n tó yẹ

Ẹ má fojú díwọ̀n ike. Báàgì píọ̀-wọ́tà kan, ọ̀rá 20 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 50cl, báàgì kan jẹ́ lítà 10. Kẹ́ ẹ tó lu ihò sí ike, ẹ fi ọ̀rá tó ti ṣófo bu omi kànǹga sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ máa kà á. Bí ike bá kún ní ọ̀rá 16, lítà 8 ni, kò gba tòmátò, ẹni yòówù kó sọ pé ó gbà á.

Igi tòmátò kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fún ní bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńlá oní-lítà 20. Ìgbá náà bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ fi méjì síbẹ̀ kí èso lè pọ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì á jọ máa jìjàkadì ni, ohun tẹ́ ẹ máa ká kò ní ju ti ẹyọ kan tó yó dáadáa lọ. Ata rodo àti ṣọ̀ńbọ̀ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀, lítà 10 sí 15 tó wọn. Ẹ̀fínrín lè gbé inú rọ́bà ọ̀dà oní-lítà 4, tẹ́ ẹ bá ti ń já a déédéé.

Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀. Fífẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ju jíjìn lọ. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tẹ́ ẹ bá fi ayùn là gbọọrọ ní ìdùbúlẹ̀ á fún yín ní ọpọ́n méjì tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì tó fún ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ máa ká ní kékeré. Ùgwú, ẹ wá àpò ìrẹsì ńlá fún un, kẹ́ ẹ sì ri igi tó máa gùn mọ́ ọn. Oòrùn máa ń jẹ irú àpò bẹ́ẹ̀, ẹ má retí pé ó máa lo ọdún méjì.

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Èyí tí wọ́n fi rọ oògùn apakòkòrò, oògùn apakoríko tàbí ọ́ìlì mọ́tò, ẹ má fi gbin nǹkan tẹ́ ẹ máa jẹ rárá, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Ẹ má fi èèhù sínú ike ńlá lọ́jọ́ kìn-ín-ní

Èèhù kékeré nínú bókẹ́ẹ̀tì lítà 20, omi inú erùpẹ̀ yẹn pọ̀ ju ohun tó lè mu lọ, ìdí rẹ̀ á sì rà. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tẹ́ ẹ lu nídìí ló yẹ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti yọ ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ya ọ̀rá náà, kẹ́ ẹ gbé e pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ sínú ike tó máa gbé títí, ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọlẹ̀. Tòmátò, ẹ ri í wọlẹ̀ dé abẹ́ ewé ìsàlẹ̀, torí ara igi rẹ̀ tó bá wà nínú erùpẹ̀ á yọ gbòǹgbò tuntun.

Ihò, erùpẹ̀, ìwúwo

Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà ó kéré tán, kó tó ìwọ̀n pẹ́ńsù. Òkúta tí àwọn èèyàn máa ń tò sísàlẹ̀ ike kò ran omi lọ́wọ́ láti jáde. Ńṣe ló ń gbé ibi tí omi ń dúró sí sún mọ́ gbòǹgbò, ó sì ń gba àyè tẹ́ ẹ fowó rà. Erùpẹ̀ dúdú òkè ilẹ̀ ìwọ̀n mẹ́ta, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà pátápátá ìwọ̀n méjì, yanrìn odò ìwọ̀n kan: èyí dára. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò.

Bókẹ́ẹ̀tì lítà 20 tí erùpẹ̀ rẹ̀ rin lè wọn kílò 25 sí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e síbi tó máa wà kẹ́ ẹ tó kún un, ibi tí oòrùn ń dé fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Tó bá jẹ́ pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ má kó wọn jọ sáàárín. Ike dúdú máa ń gbóná gan-an lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún lára tàbí kẹ́ ẹ fi àpò wé e. Nígbà ọyẹ́, ike kékeré lè gba omi lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹni tí kì í sí nílé lọ́sàn-án, kó kúkú gbin díẹ̀ sínú ike ńlá.

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ má tún gbin tòmátò, ata tàbí ìgbá sínú erùpẹ̀ kan náà. Ìdílé kan ni wọ́n, àrùn tó ti wà nílẹ̀ á mú èyí tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ po ìgbẹ́ jíjẹrà díẹ̀ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbin ewédú sí i.