Bóo ṣe lè fọwọ́ kún iṣẹ́ Tor látinú yàrá ẹ ní Camp, l'Abẹ́òkúta

O rántí 2021 tí ìjọba dí Twitter pa, tí gbogbo Abẹ́òkúta ń wá VPN kiri, áàpù tí wọ́n fi ń wọ ìkànnì tí wọ́n dí? Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Tor náà ń ṣe, nẹ́tíwọ́ọ̀kì téèyàn lè gbà wọ ìkànnì láìjẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́; ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ sì wà níta gbangba.

Kọ́kọ́ fi Snowflake, àfikún kékeré kan látọ̀dọ̀ Tor, sórí Firefox tàbí Chrome ẹ, káwọn tí wọ́n ti dí ọ̀nà mọ́ lè gba ọ̀dọ̀ ẹ wọnú Tor, àmọ́ ó ń jẹ dátà o, Wi-Fi ni kóo fi ṣe é jàre.

Ẹ̀rù kóòdù ń bà ẹ́? Orí Weblate, ìkànnì ìtumọ̀ kan, ni wọ́n ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú Tor sí èdè míì, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Tóo bá gbọ́ Go (èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù) díẹ̀, òun ni wọ́n fi kọ Snowflake, béèrè fún àkáǹtì lórí GitLab àwọn Tor, ìkànnì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí kóòdù wọn, mú issue kékeré kan (ìṣòro tàbí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó yẹ ní ṣíṣe), ka gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ síbẹ̀ tán (èmi ò kà á, iṣẹ́ tẹ́nìkan ti parí ni mo lọ ń ṣe) kóo tó kọ ohunkóhun.